Àwòrán Òkè Lára Táyà Yẹn Kì í Ṣe Òkè Àkókó

Ẹ̀gbọ́n mi ra jíìpù tòkúnbọ̀ kan, RAV4, èyí tí wọ́n kọ AWD sí lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí táyà rẹ̀ fi jẹ tán, la bá jọ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Ìkàrẹ́. Bàbá yẹn gbé táyà mẹ́rin jáde, tòkúnbọ̀ ni gbogbo wọn. Ó ti fi nǹkan pa wọ́n lára tí wọ́n ń dán gbinrin, eyín wọn sì ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí àwòrán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: òkè ṣóńṣó mẹ́ta, pẹ̀lú nǹkan kan bí ìràwọ̀ láàárín rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwòrán kí nìyí?"

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò rí òkè ni? Táyà olókè ni. Àwa ará Àkókó gan-an ni wọ́n ṣe é fún."

Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti dé Ìkàrẹ́ rí mọ̀ pé àárín àpáta la kọ́lé sí, Ọ̀kà ní tirẹ̀ sì rèé, títì ń lọ́ bí ejò títí tó fi gun Òkè-Ọ̀kà. Bí wọ́n bá ń ṣe táyà fún olókè, ta ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n mi sanwó, wọ́n de táyà mọ́ ọkọ̀, a bá tiwa lọ. Ilé ni mo dé tí mo fi wo àwòrán yẹn lórí fóònù mi, inú mi sì bà jẹ́.

Òkè ni òkè, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dà bí ìràwọ̀ yẹn, yìnyín ni, irú èyí tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí òwú nílùú òyìnbó. Àmì yìí ń sọ pé wọ́n ti dán táyà náà wò lórí yìnyín, ó sì yege. Táyà ìgbà òtútù ni. Ní Jámánì, òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wakọ̀ lórí yìnyín láìní irú táyà bẹ́ẹ̀. Ní Québec ní Kánádà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, dandan ni fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ooru bá dé, wọ́n á tú u kúrò, wọ́n á de ti ìgbà ooru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Eyín táyà tuntun máa ń jinlẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 8. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kó jẹ títí di mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa táyà yìnyín máa ń sọ pé tó bá ti jẹ dé mìlímítà 4, kò wúlò lórí yìnyín mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Nítorí náà, táyà tó ti parí iṣẹ́ lọ́hùn-ún ṣì ní eyín tó pọ̀ lára. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ wá síbi, ẹ fi nǹkan pa á kó dán, ojú tuntun ló máa fi wò wá. Òyìnbó ò sọ ọ́ nù torí pé owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ nù torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rọ́bà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ òrí. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń le débi pé ṣíbí gan-an ò ní wọlé sínú ẹ̀, tó bá di oṣù Kẹta, á yọ́ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú ike. Rọ́bà táyà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ ò hàn sójú tó bẹ́ẹ̀. Táyà lásán máa ń le bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 7°C, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Àwọn tó ń ṣe táyà yìnyín wá po rọ́bà tiwọn lọ́nà mìíràn kó má bàa le, kódà nínú òtútù tí omi ti dì. Ohun tó rọ̀ nínú yìnyín, báwo ló ṣe máa rí lórí títì Àkùngbá lọ́sàn-án oṣù Kejì, nígbà tí ọ̀dà gbóná tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́? Á rọ̀ jù. Á máa jó bí ẹran tí wọn ò sè jinná.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Ọyẹ́ Àkókó náà le o." Ó le, èmi náà ti wọ súwẹ́tà méjì lọ síléèwé rí. Ṣùgbọ́n 7°C yẹn, inú fíríìjì lẹ ti máa rí irú ẹ̀. Láàárọ̀ tí eyín wa ń gbá pọ̀ pàápàá, a ò sún mọ́ ọn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹ wo eyín táyà yìnyín dáadáa, ẹ máa rí àwọn ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tí wọ́n là sára rẹ̀, bí ẹni fi abẹ sín gbẹ́rẹ́. Àwọn ilà yẹn ló máa ń gbá yìnyín mú. Lórí ọ̀dà gbígbóná, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí eyín táyà máa mì síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ búrẹ́kì. Mímì yẹn ń gba ààyè kí ọkọ̀ tó dúró, ó ń jẹ táyà kíákíá, ó sì tún ń bí ooru sínú rẹ̀. ADAC, ẹgbẹ́ awakọ̀ ńlá ti Jámánì, máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má fi táyà yìnyín wakọ̀ nígbà ooru, torí ọkọ̀ á pẹ́ kó tó dúró. Ooru Jámánì ni wọ́n sì ń sọ o! Ooru tiwa ńkọ́?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́, ó sì dá mi lóhùn pé, "Má dààmú, jíìpù mi ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ilẹ̀. Kò sí òkè tí kò lè gùn." Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu èèyàn tó pọ̀.

AWD máa ń pín agbára ẹ́ńjìnì káàkiri ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹrẹ̀ bá gba ẹsẹ̀ méjì, méjì yòókù á fa ọkọ̀ jáde. Fún ọ̀nà oko lásìkò òjò, ó dára gan-an ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ọ̀kà, ta ló ń wá agbára ẹ́ńjìnì? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń ti yín. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni ìdúró, gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì, àtorí Micra tí wọ́n fi ń ṣe kábúkábú dé orí jíìpù gọ́fínọ̀, ló sì ní búrẹ́kì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ọ̀rọ̀ ìdúró, AWD ò fi ohunkóhun kún un. Ibi tí táyà kan ti fara kan ilẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, òun náà ni gbogbo ohun tó so yín mọ́ Àkókó. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Kánádà náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí, lódìkejì: wọ́n á ra ọkọ̀ AWD, wọ́n á ní àwọn ò nílò táyà yìnyín mọ́. Ọkọ̀ á gbéra kíákíá lójú yìnyín, ó di ìgbà tí iná pupa bá tàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ń sá kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, ká sì fi 0.8 ṣe ìwọ̀n bí táyà tó dára ṣe ń di ilẹ̀ mú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, látìgbà tí búrẹ́kì bá ti mú, ọkọ̀ á rìn tó nǹkan bíi mítà 31 kó tó dúró. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 10 nínú mítà 100, á di mítà 36. Ẹ wá gbé táyà tó ti gbó, tó tún rọ̀, síbẹ̀, ká ní ìwọ̀n tirẹ̀ já sí 0.6. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, mítà 50 ni. Mítà 14 ló fi jura lọ, ó tó kí ọkọ̀ mẹ́ta tò síbẹ̀. Mi ò tíì ka àkókò tí ẹsẹ̀ yín máa fi kúrò lórí tọ́tù bọ́ sórí búrẹ́kì.

Àwa tí a ń gba ọ̀nà yìí ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún wa. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan tí ìjánu rẹ̀ já ya lu àwọn èèyàn níwájú AAUA ní Àkùngbá, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ búrẹ́kì ọkọ̀ ńlá nìyẹn, mi ò fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ ti táyà jíìpù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú títì wa ò ní ààyè àfikún fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ dúró: ọjà ni, ọlọ́kadà ni, ọmọ iléèwé ni.

Ṣé táyà yìnyín á kàn ṣàdédé bẹ́ ni? Rárá, mi ò ní fi irọ́ dẹ́rù bà yín. Ọjọ́ orí, afẹ́fẹ́ tí kò tó, ẹrù àpọ̀jù àti eré àsápajúdé ló ń bẹ́ táyà jù. Ṣùgbọ́n tòkúnbọ̀ ti ní ọjọ́ orí tẹ́lẹ̀, ẹ wá tún fi ooru ara ẹ̀ kún un. Táyà tó bẹ́ ni wọ́n dá lẹ́bi nínú ìjàǹbá tó pa mínísítà James Ocholi lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá lóṣù Kẹta ọdún 2016. Bí ipò bá lè gbani lọ́wọ́ táyà, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí mínísítà.

Ẹni tó bá ní AWD tún ní wàhálà kan tí Corolla ò ní. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, kì í ṣe nọ́ńbà ara wọn nìkan, jíjẹ wọn náà. Bí méjì bá tuntun tí méjì jẹ, èyí tó jẹ kéré díẹ̀, á máa yí ju ìkejì lọ. Ẹ̀rọ tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn á máa gbọ̀n jagun láìsinmi, á gbóná, á sì bàjẹ́. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ ariwo rẹ̀ dáadáa. Torí náà, "ẹ bá mi wá méjì síwájú ná" tá a máa ń sọ fún fọkanáísà, owó gíà lẹ ń kó jọ.

Tẹ́ ẹ bá ń ra táyà, ẹ tẹ̀ ba. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí ẹ bá rí àwọn ihò róbótó lára eyín, ihò ìṣó ni, wọ́n máa ń ki ìṣó sí i fún yìnyín tó dì bí gíláàsì, ẹ sá fún un. Lẹ́tà M+S nìkan, láìsí àwòrán òkè, sábà máa ń jẹ́ táyà gbogbo ìgbà tó pọ̀ lára ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, ìyẹn ṣeé gbà mọ́ra. Àwọn kan tún wà tó ní àwòrán òkè àmọ́ tí wọ́n ṣe fún tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, bíi CrossClimate ti Michelin. Wọn ò pọ̀ lọ́jà wa, orúkọ wọn sì máa ń wà lára wọn gbàgàdà.

Ẹ máa sọ pé owó ńkọ́. Òótọ́ ni, mi ò lè fi ẹnu sáyẹ́ǹsì bo owó mọ́lẹ̀. Michelin kógbá wọlé ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà, òkè òkun la ti ń ra táyà wá. Táyà àlòkù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè, síbẹ̀ ẹ ò lè rin ojú ọ̀nà kan láì rí i. Òfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má ta tòkúnbọ̀ rárá, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e, torí tálákà ò rí mìíràn rà. Lójú tèmi, ó sàn kí àwọn FRSC àti ẹgbẹ́ fọkanáísà gbájú mọ́ àwòrán kan ṣoṣo yìí ná. Kò nílò ẹ̀rọ, kò nílò ìwé kíkà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á dá òkè ṣóńṣó mẹ́ta mọ̀. Ẹ kó wọn jáde láàárín àwọn yòókù, kí baba tó ń tà á mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Bàbá yẹn ò purọ́ fún wa, ohun tó rí ló sọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Ẹ̀gbọ́n mi lò wọ́n fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ń bọ̀ láti Ìwárò-Ọ̀kà, ewúrẹ́ kan já sójú títì, ó tẹ búrẹ́kì, jíìpù sì ń lọ. Ewúrẹ́ yè é, ọpẹ́lọpẹ́ pé ewúrẹ́ mọ eré sá. Lọ́sẹ̀ kejì ó lọ ra mẹ́rin tuntun, kò sì bá mi sọ ọ́ títí di òní. Àwọn ti àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tà wọ́n. Ìyá wa ti gbin ewúro sínú ọ̀kan. Fọkanáísà yẹn ti wá béèrè mẹ́ta yòókù lẹ́ẹ̀mejì.