Ìránṣẹ́ Inú Ìfun Tí A Kò Fojú Rí



Lẹ́yìn àsáláátù ọjọ́ Àlàádì tí ó kọjá, ìyá kan tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ kápúsù aláwọ̀ méjì jáde. Ó ní, "Ààfáà wa, inú ń run ọmọ mi lánàá, mo ti fún un ní méjì." Mo ní, "Dókítà wo ni ó ní kí ẹ fún un?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ akiri-oògùn ni òun ti rà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí ni ọ̀tá wa. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ìlú Ames ní Amẹ́ríkà rí nínú ṣàkì àgùntàn, tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 1980. Ní 1985 ni wọ́n sọ ọ́ ní Oxalobacter formigenes. Ó ń gbé inú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú. Oúnjẹ rẹ̀ ni èròjà kan tí à ń pè ní ọ́sálétì, tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀pà, tíì àti kòkó. Bí ọ́sálétì bá pọ̀ jù nínú ìtọ̀, a máa bá kálísíọ̀mù dì pọ̀, a sì di òkúta nínú kíndìnrín. Ẹni tí ó ti ṣe rí mọ bí ìrora rẹ̀ ti ń yí ènìyàn nílẹ̀.

Ìránṣẹ́ kékeré yìí ń jẹ ọ́sálétì nínú ìfun kí ó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé òkúta náà kì í sábà padà ṣe àwọn tí ó ní in bí ó ti ń ṣe àwọn tí kò ní in. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò ń pa á pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Bí ó bá sì ti lọ, ó lè pẹ́ kí ó tó padà.

Nítorí náà, bí dókítà bá kọ oògùn apakòkòrò fún wa, ẹ jẹ́ kí á lò ó pé bí ó ti wí, nítorí ẹ̀mí ni ó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ti akiri-oògùn, ẹ má ṣe rà á. Ẹ máa bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ẹ da omi rẹ̀ nù bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ẹ máa mu omi dáadáa. Nínú Ramadan, ẹ mu ún láti ìṣínu títí di sààrì.

Ìyá náà ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Kí Allah, tí kò dá ohun kan lásán, má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ba ọrẹ Rẹ̀ jẹ́. Amin.