Ẹni tó ń ké kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa bí ẹlòmíì nínú. Kó bí i. Ó sàn kí inú bí wa nísinsìnyí ju ká máa sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni" lẹ́yìn tá a bá sin òkú tán.

Lọ́jọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọ ara wọn ní Ìdáàṣà, iná sì sọ. Àwọn tó kú lé ní 20. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pa mọ́ sí gbiná ní Kraké, lẹ́bàá ibodè. Àwọn tó kú lé ní 30. A sunkún. A bú àwọn tó ń sáré àsápajúdé, a bú àwọn oníkpayo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó bèèrè lójú ewé yìí pé: bí ogójì èèyàn bá fara pa lẹ́ẹ̀kan náà, tí áńbúláǹsì kan ṣoṣo dé, ta ni ká kọ́kọ́ gbé?

A mọ ìdáhùn wa, bẹ́nu wa ò tiẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń ké jù la máa ń gbé. Tàbí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà nítòsí. Tàbí ẹni tí aṣọ rẹ̀ fi hàn pé ó lówó. A ó fún un mọ́ àárín èèyàn méjì lórí zemidjan, ó di ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ló dá, kò ní kú. Ẹni tó dákẹ́ lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, tó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ló máa kú ká tó padà dé.

Ẹni tó ń ké ń mí. Kò sẹ́ni tó lè ké láìsí èémí. Bá a bá mọ èyí nìkan, a ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé ìwòsàn ńkọ́? Àwọn tó lè rìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, torí wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gba ibùsùn, wọ́n á gba dókítà. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n máa gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn rẹ̀ wọlé, kò sì ní sí àyè fún un.

Larrey, dókítà àwọn ọmọ ogun Napoleon, ti fi lélẹ̀ láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn pé ọgbẹ́ ni ká wò, ká má wo ipò: ọ̀gá tí ọgbẹ́ rẹ̀ kéré á dúró de ọmọ ogun lásán tí tirẹ̀ le. Triage ni wọ́n ń pè é. (Faransé kọ́ wa bá a ṣe ń tò síwájú ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́, kò kọ́ wa ní èyí.) Láwọn ọdún 1980, ní California, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ṣe, kó má lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan. Wọ́n á kọ́kọ́ pariwo pé kí ẹni tó bá lè rìn máa bọ̀ lápá ibí: àmì àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ẹni tó kù nílẹ̀, ṣé ó ń mí? Bí kò bá mí, wọ́n á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí. Bó bá wá mí, pupa ni, òun ló kàn. Ẹni tó ń mí ju ìgbà 30 lọ níṣẹ́jú kan, ẹni tí iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò lù mọ́, ẹni tá a ní kó fún wa lọ́wọ́ tí kò lè ṣe é, pupa ni gbogbo wọn. Ìyókù tí kò lè rìn gba àwọ̀ ìyeyè, wọ́n lè dúró díẹ̀. Ẹni tá a ṣí ọ̀fun rẹ̀ tí kò sì mí, dúdú. Ohun méjì péré ni wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀: wọ́n á ṣí ọ̀fun, wọ́n á sì dí ojú ẹ̀jẹ̀ tó ń tú.

Dúdú yìí ló ń bí yín nínú, mo mọ̀. "Ta ló fún ọmọ aráyé láṣẹ láti fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì ni Olódùmarè?" Èmi náà á bi yín: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé olówó sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi awakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ta ló fún ẹ̀yin láṣẹ? A ti ń yàn látọjọ́ yìí. Ariwo, owó àti ẹbí la fi ń yàn. Ẹni tó jókòó ti ẹni tí kò mí mọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta ń tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló yẹ ká bi léèrè. Àmì náà kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, wọ́n máa ń padà yẹ olúkúlùkù wò. Ti ọmọdé tún yàtọ̀: bí kò bá mí ṣùgbọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì ń lù, wọ́n á fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó gba kámú. Àwa là ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa mélòó ló mọ bí a ṣe ń gbé orí ọmọ tó dákú kí ọ̀fun rẹ̀ lè ṣí?

Ẹ̀bi ará ìlú nìkan kọ́. Títì Kútọnu sí Parakú gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ kọjá, tírélà ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, Ìdáàṣà sí Kútọnu sì tó kìlómítà 200. Ẹ pe panápaná ní 118, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, oní-zemidjan, obìnrin tó ń ta iṣu létí títì àti olùkọ́ ilé ìwé ló máa ti débẹ̀. Àwọn ni kí mairie kọ́. Kí ni wọ́n máa ná? Àkísà aṣọ àwọ̀ mẹ́rin tí télọ̀ lè gé lọ́sàn-án kan, àti ọjọ́ méjì tí nọ́ọ̀sì á fi kọ́ wọn. A ń rówó ra aṣọ òkú, ẹ má sọ fún mi pé kò sówó.

Torí náà, ẹ bá mi bi maire yín, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ́bẹ̀, níbikíbi: bí bọ́ọ̀sì bá dojú dé lálẹ́ òní, ta ló máa ṣètò ẹni tá a máa kọ́kọ́ gbé, ilé ìwòsàn wo la sì máa pín wọn sí kí gbogbo wọn má baà ya lu ẹyọ kan? Èsì tí wọ́n bá fún yín, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú orúkọ ìlú yín.