Lẹ́tà Gbangba sí Mínísítà Ètò Ìbánisọ̀rọ̀: Ìwé-Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà fún Ẹni Tó Ti Lé Lógójì Ọdún

Ọlọ́lá Mínísítà,

Oríṣi méjì ni ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ti lé lógójì ọdún ń náwó lé ní Nàìjíríà. Ọ̀kan ni ti ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, níbi tí olùkọ́ kan náà ti ń kọ́ni, tó ń ṣe ìdánwò, tó tún ń tẹ ìwé-ẹ̀rí. Èkejì ni èyí tí ìdánwò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà rí. Agbanisíṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa. Ẹni tó ń sanwó ni kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ti àdúgbò ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí gbọ́dọ̀ ti ibì kan bẹ̀rẹ̀, ó sì sàn kó jẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó gbọ́ èdè rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan ṣì ń kọ Peachtree, ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà, sára pátákó wọn, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí orúkọ rẹ̀ ti di Sage 50.

Nínú oríṣi kejì, CompTIA A+ wà fún ẹni tó fẹ́ máa tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó sì fẹ́ máa ran àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́. Ìdánwò méjì ni, èèyàn sì gbọ́dọ̀ yege nínú méjèèjì. CCNA ti Cisco wà fún iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdánwò kan ṣoṣo ni. Ọdún mẹ́ta péré ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè ìsọdọ̀tun. Ẹni tí wọ́n bá sì gba owó MCSE lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ohun tó ti kógbá sílé ni wọ́n tà fún un: Microsoft ti dá a dúró láti oṣù kìíní ọdún 2021.

Owó ìdánwò ló tún le jù. 300 dọ́là ni ti CCNA. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye náà kò ju nǹkan bí 140,000 náírà lọ ní ìwọ̀n pàṣípààrọ̀ ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti lé ní 450,000, ìyẹn ju owó oṣù mẹ́fà lọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà tí òfin pa láṣẹ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, yóò tún un san.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí àgbàlagbà ti mọ̀ ló yẹ kó fi yan ìwé-ẹ̀rí. Akántáǹtì tó ti lo ogún ọdún nídìí ìwé owó kò nílò láti lọ bá ọmọ ọdún méjìlélógún díje nínú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Excel tó jinlẹ̀ àti Power BI ni yóò sọ ogún ọdún náà di owó. Oníṣẹ́ iná tó ti ń fa wáyà kiri ilé kò jìnnà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kámẹ́rà ìṣọ́. Kó tó sanwó, kó ka ìpolówó iṣẹ́ tó pọ̀ díẹ̀, kó wo ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń dárúkọ níbẹ̀. Èyí tí ìpolówó kankan kò bá dárúkọ, kó fi sílẹ̀, bó ti wù kí pátákó ilé-ẹ̀kọ́ náà tóbi tó.

Ètò 3MTT tí ilé-iṣẹ́ yín dá sílẹ̀ lọ́dún 2023 fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun mẹ́ta ni yóò jẹ́ kó wúlò fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Kí àkójọ àwọn ìdánwò tó ṣì wà láàyè àti àwọn tó ti parí máa jáde lọ́dọọdún, lédè Yorùbá àti àwọn èdè yòókù. Kí ìjọba san apá kan owó ìdánwò fún ẹni tó bá ti yege nínú ìdánrawò, kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀: kí gbèdéke ọjọ́ orí ọgbọ̀n ọdún má wọ ìpolówó iṣẹ́ NITDA àti àwọn àjọ yòókù tó wà lábẹ́ yín, nítorí ọgọ́ta ọdún ni òfin iṣẹ́ ìjọba fi ṣe ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ẹni tó bá sì gba ìwé-ẹ̀rí ní ẹni ọdún 45 ṣì ní ọdún 15 tó lè fi ṣiṣẹ́.