Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ àrùn tó pa ẹni ńlá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ bí a ti ń ṣe nígbà tí olókìkí bá kú. A ní erin wó, a ní àjànàkú sùn bí òkè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní àwọn ọ̀tá ló fún un ní májèlé. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni, pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé kú. Àwọn ará ilé olóògbé á kàn sọ pé ó ṣàìsàn díẹ̀. Àìsàn wo? Kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́ yìí ń pa àwa tí a kù láyé. Ó yẹ kí a mọ orúkọ àrùn tó pa ẹni ńlá, kí ẹbí rẹ̀ sì sọ ọ́ jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbà fún mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Fela.

Fela Aníkúlápó Kuti, olórin tí a mọ̀ ní Kútọnu àti ní Lomé bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Èkó, kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ẹni ọdún 58 ni. Sọ́jà ti nà án, wọ́n ti jó ilé rẹ̀ ní ọdún 1977, wọ́n sì ti gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn ológun ló wà lórí àlééfà ní Nàìjíríà. Àbúrò rẹ̀, Beko, tí òun náà jẹ́ dókítà, ṣì wà lẹ́wọ̀n wọn. Bí ẹbí bá ní ìjọba ló fún Fela ní májèlé jẹ, ta ni ì bá jiyàn?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, tó ti ṣe mínísítà ìlera ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì ikú náà, ó pe àwọn oníròyìn jọ. Ó sọ fún wọn pé ọkàn àbúrò òun ló dáṣẹ́ sílẹ̀, àti pé àrùn sídà ló fà á. Ó pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ẹ rántí ohun tí a ń sọ nípa sídà nígbà náà. Àwọn kan ní kò sí i. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Ẹni tó bá ní in, a kì í bá a jẹun. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn Fela kò dùn sí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, àwọn kan kò sì gbà á gbọ́ títí di òní. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò rọrùn mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti dúró láàárín ọjà kó ní sídà kì í ṣe àrùn wa.

Kí ni sídà ń ṣe nínú ara? Kòkòrò rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara ló sì ń pa. Nígbà tí wọ́n bá tán, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró á wọlé bí olè tó bá ilé láìsí ìlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ilé fi lè sọ pé ikọ́ ló pa á tàbí ìgbẹ́ gbuuru ló pa á, kí wọ́n má sì purọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n opó tó gbọ́ "ikọ́" kò ní lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ tó ń mu ọyàn rẹ̀ ńkọ́? Lónìí, oògùn wà. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ bí dókítà ti wí lè dàgbà, lè bí ọmọ tí kò ní àrùn náà. Bí oògùn bá sì ti ká kòkòrò náà mọ́lẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Gbogbo èyí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2005, Nelson Mandela ti ilẹ̀ South Africa ṣe bí Olikoye ti ṣe. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Makgatho, kú ní ẹni ọdún 54. Lọ́jọ́ náà gan-an, bàbá àgbà yìí sọ fún gbogbo ayé pé sídà ló pa ọmọ òun, pé kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ń sọ ti àwọn àrùn yòókù. Bí Mandela kò bá tijú, ta ni yóò tijú?

Kì í ṣe sídà nìkan. Bob Marley, olórin Jàmáíkà, kú ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981. Ẹni ọdún 36 péré ni. Di òní, àwọn kan ń sọ pé àwọn amí Amẹ́ríkà ló fi nǹkan sínú bàtà rẹ̀. Irọ́ dídùn ni. Jẹjẹrẹ awọ ara ló pa á, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977, àwọn dókítà gbà á níyànjú pé kí wọ́n gé ìka náà. Kò gbà. Wọ́n gé díẹ̀ kúrò lábẹ́ èékánná náà, ó sì ń kọrin lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ó ń sáré ìdárayá ní New York, ó ṣubú lulẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ti dé inú ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Nínú àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni irú jẹjẹrẹ awọ ara yìí sábà máa ń yọ sí. Ọkọ́ lè bà yín lẹ́sẹ̀, kùkùté lè gbá yín, kí èékánná dúdú. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan, bí èékánná bá ti ń hù ni dúdú náà ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kò bá gbá yín, tí ibi dúdú kan yọ, tó ń fẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di egbò tí kò jinná, ẹ má fi ewé dì í fún oṣù mẹ́fà. Ẹ fi han dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnì kan kún un, ẹni tó ní gbogbo dókítà tí owó lè rà. Franklin Roosevelt ni ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, dókítà ọkàn kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó bá a ní 186 lórí 108. Bí tiwa bá ti dé 140 lórí 90, wọ́n á ní ó ti ga. Àwọn aráàlú kò gbọ́. Wọ́n ní ara ààrẹ le, wọ́n sì tún dìbò yàn án. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ó jókòó kí wọ́n máa ya àwòrán rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn orí ń fọ́ òun gidigidi, ó dákú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Nígbà náà, kò sí oògùn gidi fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lónìí ó wà.

Ẹ wo bí irú ikú yìí ti ń rí lọ́dọ̀ wa. Olóyè ṣubú lójú agbo, ẹnu rẹ̀ wọ́, ó kú lóru. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n òwe yìí ti lé ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó kúrò nílé wọn. Wọ́n á lé ìyá àgbà lọ, kò sì ní sí ẹni tó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọmọ olóyè náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ ríru a máa rìn nínú ẹbí. Àwọn ọmọ á máa da iyọ̀ àti Màgí sọ́bẹ̀ bí bàbá wọn ti ń ṣe.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kò yẹ kí a bo àṣírí òkú ni? Ìbéèrè rere ni. Àṣírí ẹni tó wà láàyè, tirẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tó bá ń sọ àrùn aláìsàn kiri ọjà ti ṣe ohun tí kò tọ́, mo sì fẹ́ kí a bá a wí. Olikoye kò tú àṣírí aláìsàn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni, ẹnu ẹbí ló fi sọ̀rọ̀. Ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, ẹbí náà ni mo sì ń bẹ̀.

Ní ti èmi, mo ti bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n mọ ibi tí oògùn mi wà. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n bi dókítà ohun tó pa mí. Kí àkọ́bí mi sì dìde sọ ọ́ níwájú àwọn tó wá sìnkú, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde.