Ọ̀dà Nìkan Kò Lè Gba Ẹ́ńjìnnì Eléèédú Là

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Red Line láti Agbádò lọ sí Ọyìngbò yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta kọjá lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní Yábàá. Ọkọ̀ tuntun ni ó wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ti pẹ́ nínú ìtàn. Láti Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè ní ọdún 1896. Irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1909. Ẹ́ńjìnnì eléèédú, èyí tí ń fi agbára ooru omi yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó fa ẹrù àti èrò ní gbogbo ìgbà náà, kí ẹ́ńjìnnì dísù tó gba ipò rẹ̀.

Àwọn ẹ́ńjìnnì náà tó ṣẹ́kù ní orílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀ mọ́, òjò àti oòrùn sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ní báyìí tí ọkàn àwọn ará ìlú tún ti padà sí rélùwéè, ohùn tí a ń gbọ́ jù ni pé kí a kùn wọ́n lọ́dà, kí a sì gbé wọn sí ìta gbangba fún àwòyanu. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ojú tiwa ni pé bí a kò bá ṣe é bó ti yẹ, ọ̀dà náà yóò kàn bo ìjẹrà mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni kí a tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí ó tún lè rìn. Iṣẹ́ yìí gba owó ńlá àti ọwọ́ àwọn tó mọ ìkòkò omi rẹ̀ í yẹ̀ wò, nítorí ìkòkò tó bá bẹ́ lè pa ènìyàn. Èkejì ni títún ìrísí rẹ̀ ṣe: kò ní rìn mọ́, ṣùgbọ́n yóò dúró ní pípé bí àwọn bàbá wa ṣe rí i. Èkejì yìí ni agbára wa ká, òun náà ni a sì gbà pé ó tọ́.

Kí ni ojú ń rí lára ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìta? Òjò ń gba ihò èéfín rẹ̀ wọlé, ó ń pò mọ́ eérú èédú tí wọn kò gbọ́n dànù, àdàlù náà a sì máa jẹ irin láti inú wá. Aṣọ ìbora tí wọ́n fi wé ìkòkò omi kí ooru má baà jáde a máa fa omi mu bíi kànìnkànìn, ìpẹtà a sì gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun ń mú kí ìpẹtà náà yára sí i. Ẹni tó bá wá fi ọ̀dà dúdú tó ń dán kun ara ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápalàpá. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dà náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Iṣẹ́ gidi ní ètò. Ohun àkọ́kọ́ ni ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Aṣọ ìbora ìgbà náà sábà máa ń ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi kọjá. Òjé náà wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin kí wọ́n máa ha á láìbo imú. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yọ asbestos kúrò.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbọ́n gbogbo eérú dànù, kí a dé ihò èéfín, kí a sì ṣí ojú ibi gbogbo tí omi lè dúró sí. Kí a ha ìpẹtà dé ojú irin, kí a fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà lélẹ̀ kí ọ̀dà àwọ̀ tó tẹ̀lé e. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí irin àti òkúta, kì í ṣe nínú ẹrẹ̀. Kí a tọ́jú fèrè, aago àti àwo orúkọ tí wọ́n fi idẹ àti bàbà ṣe sínú ilé, kí a fi àfarawé wọn síta, nítorí olè. Àwọn ẹ́ńjìnnì ẹ̀yà River ilẹ̀ wa, orúkọ odò ni wọ́n fi sọ wọ́n. Bí àwo orúkọ bá lọ, ìtàn rẹ̀ ti bá a lọ. Ní ìparí, kí a kọ́ òrùlé lé e lórí. Òrùlé lásán ṣe é ní àǹfààní ju ọ̀dà olówó iyebíye lọ.

Ìlú mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní Barry, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Wales, oníṣòwò àjákù irin kan ra ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì eléèédú, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ẹrù ni ó kọ́kọ́ ń gé. Nítorí ìdádúró yìí, 213 ni àwọn olùfẹ́ rélùwéè rà padà láàárín 1968 sí 1990. Síbẹ̀, iyọ̀ òkun àti olè ti bà wọ́n jẹ́, àtúnṣe ọ̀pọ̀ wọn sì gba ọdún gbọọrọ. Ohun tí a rí kọ́ ni pé irin tí a kò tíì gé ṣì ní ìrètí, àti pé gbogbo ọdún tí a bá fi falẹ̀ ń dá kún owó àtúnṣe.

Ta ni iṣẹ́ náà kàn? Ohun ìní Iléeṣẹ́ Rélùwéè ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn ẹ́ńjìnnì náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún àwọn ìpínlẹ̀ náà láṣẹ láti ṣòfin lórí rélùwéè. Àǹfààní ìjíròrò ti ṣí sílẹ̀. Àpẹẹrẹ sì wà nítòsí: Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà Èbúté Mẹ́ta ni ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ṣe, tí ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Àdéhùn èyíkéyìí lórí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ín, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti ibi tí owó ọdọọdún yóò ti máa wá. Ọjọ́ ìṣíṣọ kì í ṣe òpin iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú ewu ju irin lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣíwájú wọn, wà ní iwájú nínú ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò ti ọdún 1945. Àwọn tó wa ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí àti àwọn tó ń da èédú sí i ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Àwọn ló mọ àwọ̀, nọ́ńbà àti ìlò ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ yìí tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán wọn ṣègbé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ṣe kò ní rí i ju àjákù irin lọ.