Tírélà Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ti Tẹ̀

  

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Àgọ́ Palace, ní agbègbè Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń ta sìmẹ́ńtì àti ọ̀pá irin. Ó ní owó tí òun ń san fún àwọn onítírélà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè òun tán, nítorí náà òun fẹ́ ra tírélà àlòkù kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní ògiri. Ọkọ̀ náà wù ú, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín. Ẹni tí ń tà á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé jórinjórin yóò fi iná nà án ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó wá bi mí pé, ṣé kí òun rà á?

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì sanwó. Irin dàbí ọrun ọdẹ. Bí a bá fa ọrun níwọ̀n, yóò padà sí ipò rẹ̀. Bí a bá fà á kọjá agbára rẹ̀, kò ní padà mọ́. Bí tírélà bá rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí ó sì tún gbéra nígbà tí a sọ ẹrù kalẹ̀, kò sí èèmọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún ọ pé wọ́n ti di ohun tí ó ju agbára òun lọ rù òun.

Ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ ni ibi tí ó ti tẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ó lè jẹ́ páànù irin tí ó wà lókè nìkan. Ó lè jẹ́ àwọn irin ìdábùú tí ó gbé páànù náà ró. Ó sì lè jẹ́ irin gbọọrọ méjì tí ó ti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ó dàbí igi àjà ilé. Èyí ìkẹyìn yìí ni ẹ̀rù ń bà mí sí.

Mú okùn tín-ínrín, kí o fà á le gan-an láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gbọọrọ kan, kí o sì fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti irin ní ibi márùn-ún. Ṣe bákan náà fún èkejì, kí o fi wọ́n wéra. Máa rántí pé àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ ti ṣe ẹ̀yìn wọn kí ó yọ sókè díẹ̀, kí ó lè tẹ́ nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Bí irú èyí bá ti tẹ́ láìsí ẹrù, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóyá ó sán tàbí ó dógùn-ún. Bí o bá rí ọ̀dà tuntun ní ibì kan ṣoṣo, bèèrè ohun tí ó bò mọ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ páànù nìkan, jórinjórin tí ó mọṣẹ́ lè gé e kúrò kí ó fi òmíràn dípò. Irin ìdábùú náà ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irin gbọọrọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná sun ún pọ́n kí ó sì fi òòlù nà án lẹ́bàá títì. Ilé iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti gba agbára wọn, iná àgbékà sì ń sọ agbára náà di ọ̀lẹ. Yóò tọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò ní lè gbẹ́rù bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Àpò 600 jẹ́ tọ́ọ̀nù 30. Àpò 900 jẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Ọkọ̀ tí a ṣe fún 30, tí a wá di 45 rù, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀? Ìwọ̀n nìkan kọ́ sì ni. Sìmẹ́ńtì tí a tò káàkiri kò ni ọkọ̀ lára tó ẹ̀rọ ńlá kan tí ó fi ẹsẹ̀ kékeré mẹ́rin dúró lójú kan. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ fi pákó nínípọn sí abẹ́ rẹ̀, kí pákó náà gùn tó láti kọjá lórí irin ìdábùú púpọ̀, kí wọ́n lè jọ pín in gbé.

Kò jìnnà sí Àgọ́ Palace ni ọ̀nà tí ó ti Àpápá wá sí Òṣòdì, tí tírélà ń gbà tọ̀sán-tòru. Ẹ kò ní tíì gbàgbé Ojúẹlẹ́gba. Ní ọjọ́ 2 oṣù September, ọdún 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá níbẹ̀, ó pa ènìyàn 3. Ní ọjọ́ 29 oṣù January, ọdún 2023, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì èrò, ó pa ènìyàn 9, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. N kò sọ pé ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ ló fà á o. Ohun tí mò ń sọ ni pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ńténà ni ó yẹ kí ó jókòó sínú ìdè rẹ̀ kí a tó tì í pa. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti lọ́, igun kan lè má wọlé dáadáa, ẹni tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Bí páànù tàbí irin ìdábùú nìkan ni ó bàjẹ́, bá a dúnàá dúrà, kí o yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí ó pè. Bí ó bá jẹ́ irin gbọọrọ, fi í sílẹ̀ fún un, àfi bí onímọ̀ ẹ̀rọ tí kì í ṣe èèyàn ẹni tí ń tà á bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì fọwọ́ sí i. Owó ọkọ̀ tí ó ń dùn ọ́ lónìí, díẹ̀ ni lára ohun tí ìwọ yóò san bí ẹrù rẹ bá wó lu ọmọ ẹlòmíràn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.