Mo Pe "Ọmọ Ibo Ni?" Lẹ́jọ́

Ní Èkìtì wa, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó, bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, kí òbí tó béèrè ìwà rẹ̀, ìbéèrè kan ti bọ́ lẹ́nu: "Ọmọ ibo ni?" Ìbéèrè yìí ni mo pè lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí mi ni Half of a Yellow Sun, ìtàn-àròsọ tí Chimamanda Adichie kọ ní 2006 lórí ogun Biafra (1967 sí 1970).

Ẹ̀sùn kìíní: ó ń pànìyàn. Ní pápákọ̀ òfurufú Kano, inú Nnaemeka, ọmọ Ìgbò tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ń dùn pé Richard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ Ìgbò. Àfi bí àwọn sójà tó ń wá ọmọ Ìgbò ṣe ya wọlé. Wọn kò bi í ní ohun tó ṣe. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ kí ahọ́n rẹ̀ lè tú u fó. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí.

Ẹ̀sùn kejì: òṣùwọ̀n èké ló fi ń wọn èèyàn. Kí Richard tó fẹ́ Kainene, ọmọ Ìgbò, òun àti Susan, òyìnbó bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Bí Richard bá wo obìnrin dúdú, Susan kì í jowú; kò kà wọ́n sí ẹni tó lè bá òun du ọkùnrin. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti kú ní Biafra, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan dé, òkú òyìnbó kan ṣoṣo ló ń béèrè.

Ẹ̀sùn kẹta: ó ń ran ẹni tí ìyà ń jẹ pàápàá. Ní àgọ́ àwọn tí ogun lé nílé, aboyún kan tutọ́ sí Dókítà Inyang lójú, ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀, torí pé dókítà náà kì í ṣe Ìgbò. Kainene gbá aboyún náà létí: ọmọ Biafra ni gbogbo wa!

Ẹ̀sùn kẹrin, tiwa ni. Láti 2011 tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́, ọmọ onírúurú ẹ̀yà ń kàwé láàárín wa. A ń gbowó ilé wọn, a ń ta ọjà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní òun fẹ́ ọmọ wa, "kòbòkóbò" la ó máa sọ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ óò ní ìwádìí ni, pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà, àìsàn àti olè ni àwọn baba wa ń wádìí nílé àna. Ẹ̀yà kì í ṣe ilé. Nínú ìwé yẹn kan náà, Hausa ni Mohammed tí Olanna, ọmọ Ìgbò, ti fẹ́ rí. Òun náà ló fi mọ́tò gbé e sá kúrò lọ́wọ́ àwọn apànìyàn ní Kano.

Ẹlẹ́rìí kejì kò sí nínú ìwé. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ní July 29, 1966, àwọn sójà wá mú àlejò rẹ̀, Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ọmọ Ìgbò, nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ọkùnrin tí kò fi àlejò sílẹ̀ là ń pè é títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe bíi tirẹ̀ nígbà tí àlejò bá fẹ́ di àna wa.